Bọ́tìnì “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Rárá” jọra jù nínú àpótí ìkìlọ̀ áàpù mi. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ̀kan di pupa?

ỌmọAlájọ | Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìyá mi ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́jà, èmi ni mo sì kọ áàpù kékeré tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àti owó sílẹ̀ dípò ìwé. Android ni, Kotlin ni mo fi kọ ọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ orúkọ ẹnì kan, àpótí ìkìlọ̀ á yọ síta, á béèrè pé “Ṣé kí n pa orúkọ yìí rẹ́?” Bọ́tìnì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Rárá”, elésè àlùkò ni méjèèjì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Màmá ń kánjú, wọ́n tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni” níbi tí wọ́n ti fẹ́ tẹ “Rárá”. Orúkọ oníbàárà kan bá àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́tàlélógún lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé àtijọ́ tó ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo fẹ́ kí “Bẹ́ẹ̀ ni” pọ́n kó yàtọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí:

```
val d = builder.create()
d.getButton(AlertDialog.BUTTON_POSITIVE).setTextColor(R.color.pupa)
d.show()
```

Bí àpótí yẹn ṣe fẹ́ yọ báyìí ni áàpù kú, NullPointerException ló kọ (àṣìṣe tó ń yọ tí ohun tí a pè kò bá sí). Mo gbé ìlà getButton wá sábẹ́ show. Kò kú mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó yọ kì í ṣe pupa, ó dà bí eérú tí òjò pa. Pupa ni mo kọ sínú colors.xml, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kí ni mo ṣe?

Kóòdù_N_Sùn | Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Yí colorAccent padà nínú themes.xml, fáìlì tó ń sọ ìrísí gbogbo áàpù. Ìlà kan péré. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n_Java | Ọjọ́ Ajé, 9:58 àárọ̀

Kóòdù_N_Sùn, orúkọ rẹ rò ọ́. Ayé AppCompat, àkójọ ìrísí àtijọ́ ti Android, ni colorAccent ti jọba. Láti ìgbà Android Studio 4.1, ní 2020, theme MaterialComponents ni iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í bá wá, colorPrimary sì ni bọ́tìnì dialog (àpótí ìkìlọ̀ yìí) ń wò níbẹ̀. Tí ọmọ yìí bá yí ìyẹn padà, igi orí áàpù, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń kọ owó, gbogbo rẹ̀ ló máa pọ́n. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Rárá” á ṣì jọra, wọ́n á kàn jọ pọ́n ni. Kí la wá ṣe?

Àbúrò, àṣìṣe méjì ló wà nínú iṣẹ́ rẹ, ọ̀kan ló bo ìkejì mọ́lẹ̀.

Kí show tó dé, bọ́tìnì kò tíì sí láyé. Igi àti páànù ni create kó jọ. Ìgbà tí show bá dé ni ilé dúró, tí ilẹ̀kùn fi wà lára rẹ̀. O ń wá ilẹ̀kùn lára ilé tí wọn kò tíì kọ́, ìdí nìyẹn tí getButton fi gbé null (òfo) lé ọ lọ́wọ́. O ti gbé e wá sísàlẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó wà lókè lè fi í sínú setOnShowListener, tí yóò dúró de show.

Ti eérú yẹn ló dùn mọ́ mi. R.color.pupa kì í ṣe àwọ̀, nọ́ńbà ibi tí àwọ̀ wà ni. Ó dà bí ẹni tó fún akunlé ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, tí akunlé wá fi nọ́ńbà náà kun ògiri. setTextColor ka nọ́ńbà yẹn bí ẹni pé àwọ̀ gan-an ni. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú áàpù máa ń fi 0x7f bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń sọ bí àwọ̀ ṣe ki tó, 7f sì jẹ́ bí ìdajì. Ìyókù nọ́ńbà náà sábà máa ń sún mọ́ òdo, ìyẹn dúdú. Dúdú tí kò ki, lórí funfun: kí ló máa dà bí kò ṣe eérú? Android Studio fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ fún ọ, ó kọ ResourceAsColor, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í ka ìkìlọ̀.

```
d.show()
d.getButton(AlertDialog.BUTTON_POSITIVE)
    .setTextColor(ContextCompat.getColor(this, R.color.pupa))
```

Kóòdù_N_Sùn | Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Mo gbà, Ẹ̀gbọ́n. Áàpù tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́, 2017 ni wọ́n ti kọ ọ́, AppCompat ló ṣì wà nínú rẹ̀, colorAccent sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di àárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé méjèèjì á jọ pọ́n. Mi ò ronú débẹ̀.

BàdàFlutter | Ọjọ́ Ajé, 10:40 àárọ̀

Gbogbo wàhálà yìí nítorí bọ́tìnì! Lọ́dọ̀ àwa oní-Flutter (irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń kọ áàpù), ìwọ fúnra rẹ lo ń kó bọ́tìnì sínú actions, o lè kun èyíkéyìí bó ṣe wù ọ́:

```
FlatButton(
  textColor: Colors.red,
  child: Text('Bẹ́ẹ̀ ni'),
  onPressed: () {},
)
```

Arábìnrin_Widget | Ọjọ́ Ajé, 10:52 àárọ̀

Bàdà, Flutter wo lẹ̀ ń lò? Wọ́n ti yọ FlatButton kúrò tipẹ́. TextButton ló rọ́pò rẹ̀, textColor kò sì sí nínú rẹ̀. Báyìí ni:

```
TextButton(
  style: TextButton.styleFrom(
    foregroundColor: Theme.of(context).colorScheme.error),
  child: const Text('Bẹ́ẹ̀ ni'),
  onPressed: () {},
)
```

Mo fi colorScheme.error sí i dípò Colors.red torí pé ó mọ ìgbà tí ojú fóònù bá ṣókùnkùn. Ẹ jọ̀ọ́, Kotlin ni ọmọ yìí ń kọ. Ẹ má sọ pé kó tún ilé kọ́ torí ilẹ̀kùn.

BàdàFlutter | Ọjọ́ Ajé, 10:55 àárọ̀

Ẹ má bínú. Látinú iṣẹ́ àtijọ́ kan ni mo ti dà á kọ.

Ṣadé_XML | Ọjọ́ Ajé, 11:37 àárọ̀

Àlàyé Ẹ̀gbọ́n_Java dùn mọ́ mi, àmọ́ ibi tó parí sí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lónìí, dialog kan ló fẹ́ pa nǹkan rẹ́. Lóṣù tó ń bọ̀ á di mẹ́fà: pa orúkọ rẹ́, pa oṣù rẹ́, jáde láìfi pamọ́. Ṣé ìgbà mẹ́fà ni á kọ getButton? Ọ̀kan á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan náà yẹn gan-an ni Màmá máa tẹ̀.

Fi í sínú style (ìrísí tí a fún lórúkọ), kí gbogbo dialog tó bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́ máa pè é:

```
<style name="IkiloPaRe"
    parent="ThemeOverlay.Material3.MaterialAlertDialog">
    <item name="buttonBarPositiveButtonStyle">@style/BotiniPaRe</item>
</style>

<style name="BotiniPaRe"
    parent="Widget.Material3.Button.TextButton.Dialog">
    <item name="android:textColor">?attr/colorError</item>
</style>
```

Lẹ́yìn náà:

```
MaterialAlertDialogBuilder(this, R.style.IkiloPaRe)
```

Bọ́tìnì kejì ní tiẹ̀, buttonBarNegativeButtonStyle, ẹ̀kẹta sì jẹ́ buttonBarNeutralButtonStyle. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan àwọn yẹn, jẹ́ kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà.

Ohun méjì ni kó o ṣọ́ra fún. Má fi “android:” ṣíwájú buttonBarPositiveButtonStyle. Bí o bá fi sí i, kò ní bú ọ, kò ní kú, kò kàn ní ṣe nǹkan kan ni. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi nígbà kan. Èkejì ni pé kó o má ṣe gbé style yìí sínú theme gbogbo áàpù lábẹ́ materialAlertDialogTheme. Tó o bá gbé e síbẹ̀, gbogbo “Ó dáa” tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ló máa pọ́n. Tí ohun gbogbo bá ti pọ́n, pupa kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Java | Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ṣadé, o jàre. Fún dialog kan péré, mi ò ní da ara mi láàmú pẹ̀lú style. Tó bá ti pé méjì, ọ̀nà tìrẹ ni.

ỌmọAlájọ | Ọjọ́ Ajé, 2:26 ọ̀sán

Ẹ ṣé púpọ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó pọ́n. Mo wá gbìyànjú ti Àǹtí Ṣadé, kò sí ohun tó yí padà. Mi ò fi “android:” sí i o, mo ti wò ó. Ohun tí mo kọ ni AlertDialog.Builder(this, R.style.IkiloPaRe).

Ṣadé_XML | Ọjọ́ Ajé, 2:31 ọ̀sán

Ìlà import rẹ dà, èyí tó ń sọ ibi tí o ti mú AlertDialog wá?

ỌmọAlájọ | Ọjọ́ Ajé, 2:33 ọ̀sán

import android.app.AlertDialog

Ṣadé_XML | Ọjọ́ Ajé, 2:45 ọ̀sán

Mo mọ̀. AlertDialog méjì ló wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ti android.app wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Orúkọ tó ní “android:” níwájú ló mọ̀, kò mọ èyí tí a kọ sínú style yẹn. Ti androidx.appcompat.app ń bá áàpù rẹ rìn, òun ló mọ èyí tí kò ní “android:”. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò pátápátá, kó o sì lo MaterialAlertDialogBuilder bí mo ṣe kọ ọ́. Android Studio ló máa ń fún èèyàn lẹ́yọ àkọ́kọ́ yẹn tí a bá tẹ Alt àti Enter láìwo ohun tó ń mú wá.

Àkànbí_London | Ọjọ́ Ajé, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ iPhone ni mo ń ṣe níbí. Mo kàn fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá bá ìjíròrò yìí pàdé lọ́jọ́ iwájú.

Ní iOS, Apple ti bá wa parí ìjà yìí láti 2014 tí UIAlertController ti dé pẹ̀lú iOS 8. Ẹ fún bọ́tìnì ní .destructive, á pọ́n fúnra rẹ̀. Ní SwiftUI, ọ̀nà tuntun Apple, Button tó ní role .destructive ni. Tí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ àwọn tó kù, alert.view.tintColor wà, àmọ́ gbogbo wọn ló máa yí pa pọ̀. Ẹ óò rí àwọn tó ń kọ setValue pẹ̀lú “titleTextColor” káàkiri. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, Apple kò ṣí i fún wa. Wọ́n lè ti áàpù padà nítorí rẹ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò nígbàkígbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà mi ń bẹ̀ mí pé kí n fi àwọ̀ ewé ilé iṣẹ́ wọn sí bọ́tìnì. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Arábìnrin_Widget | Ọjọ́ Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi ti React Native, tí a fi ń kọ áàpù iOS àti Android pa pọ̀, kún un. Alert.alert ń gba style: 'destructive', iOS nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Android ò kà á sí rárá. Lórí Android, inú styles.xml la ó padà sí, ibi tí Ṣadé ti ń wàásù látàárọ̀.

ÌyáÌbejì_Dísáìn | Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kóòdù yín dára, àmọ́ kì í ṣe àwọ̀ nìkan ló jẹ́ kí màmá ọmọ yìí ṣi bọ́tìnì tẹ̀.

Ẹ wo ìbéèrè náà: “Ṣé kí n pa orúkọ yìí rẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Ẹni tó ń kánjú kò ní ka ìbéèrè. Bọ́tìnì ló máa wò. “Bẹ́ẹ̀ ni” kò sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sórí bọ́tìnì: “Pa á rẹ́” àti “Fi sílẹ̀”. Kódà bí àwọ̀ bá kọ̀, ọ̀rọ̀ á sọ ọ́. Àwọn kan wà tí ojú wọn kò ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, ìdí nìyẹn tí WCAG, ìlànà bí gbogbo ènìyàn ṣe lè lo ìkànnì láìsí ìdíwọ́, fi sọ pé àwọ̀ nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a fi dá nǹkan mọ̀.

Ó kan pupa fúnra rẹ̀. Ọjà ni Màmá ń jókòó sí, nínú oòrùn. WCAG ní kí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. #FF0000 lórí funfun jẹ́ 4.0 péré, kò yege. Àwọ̀ ewé #4CAF50 tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn, 2.8 ni; nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ kàn ń méfò ni. #B3261E tó wà nídìí colorError ti Material 3 (ìrísí tó tẹ̀ lé MaterialComponents) kọjá 6.5 lórí funfun. Torí náà ohun tí Ṣadé kọ yẹn, ó kọ ọ́ re.

Èmi ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ohun tó níye lórí lọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ fi Snackbar (ìkéde kékeré tó ń yọ nísàlẹ̀ ojú fóònù) sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò ní “Dá a padà”. LENGTH_LONG, àkókò gígùn tó bá a wá, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ fún un ní mẹ́wàá. Ẹni tó ń ka owó lọ́wọ́ kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Java | Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ìyá Ìbejì, àwọ̀ bọ́tìnì lọmọ béèrè o.

ÌyáÌbejì_Dísáìn | Ọjọ́ Ajé, 9:04 alẹ́

Ẹni tó ní orí ń fọ́ òun, ṣé fìlà lẹ ó rà fún un?

AlámìOhùn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Yorùbá ni ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì yìí. AppCompat àti MaterialComponents máa ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì di lẹ́tà ńlá, “Pa á rẹ́” á di “PA Á RẸ́”, àmì orí á há mọ́ òkè. Ẹ fi android:textAllCaps sí false nínú style. Material 3 kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá gbé fọ́ǹtì tiyín wọlé, ẹ kọ́kọ́ dán “ẹ́” àti “ọ̀” wò. Kò sí ẹ́ tó dá dúró nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ ni a kọ́kọ́ kọ, àmì ohùn á wá gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi fìlà tí afẹ́fẹ́ ṣí.

Bọ́tìnì wa tún máa ń gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tí wọn kò bá gba orí ìlà kan, Android á tò wọ́n sórí ara wọn, positive (ìyẹn “Pa á rẹ́”) á sì bọ́ sókè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ apá ọ̀tún á ṣì í tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú.

Kóòdù_N_Sùn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Èyí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀.

ỌmọAlájọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:18 ọ̀sán

Mo ti yọ import yẹn, style ti ṣiṣẹ́. “Pa á rẹ́” àti “Fi sílẹ̀” ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo fi #B71C1C sínú colors.xml dípò colorError torí ó wù mí jù, ó sì dára lọ́sàn-án. Nígbà tó di alẹ́, dark mode tan, bọ́tìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ rá mọ́ mi lójú. Tí mo bá sì dá fóònù dùbúlẹ̀ ní ìbú nígbà tí àpótí wà lójú, àpótí á lọ.

Ṣadé_XML | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:50 ọ̀sán

Pupa tó ki lórí dúdú, kò lè hàn. Ìdí tí mo fi kọ colorError nìyẹn: ó ní pupa ọ̀sán, ó sì ní ti alẹ́, #F2B8B5, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí awọ ìka ọmọ tuntun. Tó bá jẹ́ pé dandan ni àwọ̀ tìrẹ, dá fódà values-night, kó o kọ colors.xml mìíràn síbẹ̀, orúkọ kan náà, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Android á mú èyí tó yẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Java | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:12 ọ̀sán

Ti fóònù tó dùbúlẹ̀: Android ń wó Activity (ojú ewé áàpù), ó sì ń kọ́ òmíràn, dialog rẹ sì bá ti àtijọ́ lọ. Gbé e sínú DialogFragment, tí Android máa ń tún gbé dìde, á padà wá. Style Ṣadé á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ lo getButton nínú DialogFragment, inú onCreateDialog kọ́ o, bọ́tìnì kò tíì sí níbẹ̀. Inú onStart ni, lẹ́yìn super.onStart. AlertDialog tí a óò sọ ọ́ dà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti androidx, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ClassCastException (àṣìṣe irú tí kò bára mu) á kí i káàbọ̀.

Tẹ̀míAndroid | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ṣé ẹnì kankan ò lo Compose, ọ̀nà tuntun tí a fi ń kọ ojú áàpù Android, ni? TextButton tó wà nínú confirmButton ni kí ẹ fún ní `colors = ButtonDefaults.textButtonColors(contentColor = MaterialTheme.colorScheme.error)`. Kò sí null, kò sí style, kò sí import tó ń jọ ara wọn.

ỌmọAlájọ | Ọjọ́rú, 8:05 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú mi. colorError ni mo padà sí. Mo fi Snackbar ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí i. Lónìí Màmá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ “Pa á rẹ́” lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè máa tẹ “Dá a padà”. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ kí n má tíì fọwọ́ kan ìwé abẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Kóòdù_N_Sùn | Ọjọ́rú, 8:31 alẹ́

Mo ṣe é fún áàpù ibi iṣẹ́ wa náà lónìí. Ọ̀gá mi ti ń béèrè ìdí tí “OK” fi pọ́n níbi gbogbo, títí kan ibi tí a ti ń kí wọn káàbọ̀.

Ṣadé_XML | Ọjọ́rú, 8:33 alẹ́

Inú theme gbogbo áàpù lo gbé e sí. Lọ ka ohun tí mo kọ ní 11:37 ọjọ́ Ajé.